Kí ló ń dí ìyẹ̀fun tí ń fi oòrùn pín omi lọ́wọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo kà pé èròjà kan wà tí ó jẹ́ pé bí a bá dà á sínú omi tí oòrùn sì pa á, omi náà yóò pín sí háídírójìn àti ọ́ksíjìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń bi mí pé, bí oòrùn wa ṣe pọ̀ tó yìí, kí ló dé tí a kò tíì máa fi í dáná?
Olùkọ́ kẹ́mísírì, Òkè-Fìà, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni ohun tí ẹ kà, olùkọ́ wa. Ní ọdún 1972, àwọn onímọ̀ ará Japan méjì, Akira Fujishima àti Kenichi Honda, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé ìmọ́lẹ̀ tí ó tàn sára titanium dioxide nínú omi lè pín omi náà. Èròjà yìí kan náà ni ó ń sọ ọ̀dà di funfun. Bí ẹ bá fọwọ́ ra ògiri tí a ti kùn tipẹ́, tí oòrùn ń pa lójoojúmọ́, ẹ lè rí ohun tó dà bí ẹfun lọ́wọ́ yín. Lára ohun tó ń fa èyí ni pé, bí ìmọ́lẹ̀ ti ń kàn án, èròjà náà ń ba ohun tí ó so ọ̀dà pọ̀ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ọ̀dà fi ń fi nǹkan mìíràn bo hóró rẹ̀ kí ó má baà ṣiṣẹ́, nígbà tí àwọn onímọ̀ tó fẹ́ fi pín omi ń wá bí yóò ṣe ṣiṣẹ́ sí i.

Pípọ̀ oòrùn nìkan kò tó. Ìtànṣán ultraviolet, tí ojú kò lè rí, nìkan ni titanium dioxide lè lò, kò sì ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 agbára oòrùn lọ. Wọ́n lè fi nàítírójìn díẹ̀ sí i kí ó lè máa gba ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, ṣùgbọ́n àbùkù tí àfikún náà ń dá sílẹ̀ nínú hóró rẹ̀ a máa mú ìṣòro kejì, tí mo kà sí èyí tó wúwo jù, le sí i. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kan hóró náà, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á fò kúrò ní àyè rẹ̀, àyè náà á sì ṣófo. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni yóò ṣe háídírójìn, àyè òfìfo náà ni yóò ṣe ọ́ksíjìn. Ṣùgbọ́n kí ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé, ọ̀pọ̀ wọn á ti padà pàdé ara wọn, agbára náà á sì di ooru lásán.

Ìṣòro yìí ṣeé borí. Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí kan ní Japan fi rhodium àti chromium sí ojú kan lára hóró strontium titanate, èròjà mìíràn tí ń fi ìmọ́lẹ̀ pín omi, wọ́n fi cobalt sí ojú mìíràn, kí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àti àyè òfìfo lè gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ìtànṣán ultraviolet tí wọ́n tàn sí i, nǹkan bí ìdá 96 nínú 100 ni ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ultraviolet náà ṣì ni: nígbà tí wọ́n tẹ́ irú èròjà bẹ́ẹ̀ sábẹ́ oòrùn gidi, lórí àyè tó fẹ̀ tó 100 mítà onígun mẹ́rin, ìdá 0.76 nínú 100 agbára oòrùn péré ni ó di háídírójìn. Rhodium wọ́n gógó, gáàsì méjèèjì sì ń jáde pọ̀, wọ́n sì lè bú gbàù bí a kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín nípa carbon nitride pẹ̀lú, èròjà mìíràn tí a lè fi ìmọ́lẹ̀ pín omi. Ajílẹ̀ yúríà tí àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ dáadáa ni a lè yan ní nǹkan bí 550°C láti ṣe é, ó sì ń gba díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n dán an wò ní kíláàsì, nítorí amóníà tí yóò máa tú jáde lára rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró.