Owó epo dírẹ́bà kì í ṣe owó oṣù

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Owó epo tẹ́ ẹ ń san pọ̀ mọ́ owó oṣù dírẹ́bà yín yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Epo tó fi owó ara ẹ̀ rà láti Yaba lọ jíṣẹ́ fún kọ́sítọ́mà ní Lẹ́kkí, owó ẹ̀ lẹ̀ ń dá padà fún un, PAYE, ìyẹn owó orí tí ọ̀gá ń yọ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́, ò kàn án, tí rìsíìtì bá ṣáà ti wà.

Àmọ́ tó bá jẹ́ iye kan náà lẹ̀ ń fún un lóṣooṣù láì bèèrè ibi tó lọ, owó oṣù náà nìyẹn o, owó orí máa wọ̀ ọ́.

Èmi ju ìwé kékeré kan sínú ọkọ̀: ọjọ́, ibi tó lọ, nọ́ńbà ojú mítà nígbà tó gbéra àti nígbà tó dé. Gbogbo Fúráídè la máa ń jókòó ṣírò ẹ̀, dírẹ́bà á sáìnì síbẹ̀.

PAYE ní tiẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kọjá ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀lé e kẹ́ ẹ tó san án fún LIRS, àwọn tó ń gba owó orí ní ìpínlẹ̀ Èkó.