Owó yunifásítì: èwo ni ti bàbá, èwo ni ti ọmọ?

Ìbéèrè

Asalāmu alaykum, Alfa. Àkọ́bí mi ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún 20, ó sì wà ní ọdún kejì ní yunifásítì. Èmi ni mò ń san owó ilé-ìwé, owó yàrá, owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀. Láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn ló ti ń ṣiṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ń sanwó fún un. Mo ní kí ó máa fi owó iṣẹ́ rẹ̀ san owó yàrá, ó ní owó òun ni. Ìyá rẹ̀ gbè é lẹ́yìn, ó ní ọ̀ranyàn ni gbogbo ìnáwó ọmọ lọ́rùn bàbá. Inú bí mi, mo ní gbogbo ohun tí mo bá ti ná lé e lórí ni yóò san padà lọ́jọ́ tó bá ríṣẹ́. Ibi tí a ti ń fa èyí ni a tún ti rí i pé ó bu owó lé owó ìwé tó ní kí n san ní sáà tó kọjá. Àbúrò rẹ̀ méjì ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ̀sìn sọ?

Ìdáhùn

Wa alaykumu s-salāmu wa rahmatullāhi wa barakātuh. Arákùnrin mi, mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dáhùn, torí pé ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ibì kan náà ni gbogbo wọn sì ti ṣẹ̀. Owó ń ti ọwọ́ yín bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, kò sì sí ẹni tó sọ orúkọ tí owó náà ń jẹ́. Owó tí bàbá fún ọmọ lè jẹ́ ìtọ́jú ọ̀ranyàn, èyí tí à ń pè ní nafaqah. Ó lè jẹ́ ẹ̀bùn. Ó lè jẹ́ owó tí bàbá yá ọmọ. Ó sì lè jẹ́ àmánà, pé kí ó gbé e lọ síbi tí wọ́n rán an. Ìdájọ́ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Nígbà tí ẹnì kan kò bá sọ èyí tó jẹ́, bàbá á máa pè é ní gbèsè lọ́jọ́ tí inú bá ń bí i, ọmọ á sì máa pè é ní ẹ̀tọ́ lọ́jọ́ tí kò bá fẹ́ dá nǹkan kan sí i.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi ọ̀ranyàn bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ dúró lé. Òótọ́ ni pé bàbá ni Ọlọ́hun gbé ìtọ́jú ọmọ kà lórí. Nínú Sūratul-Baqarah, āyah 233, Ó ní jíjẹ àti aṣọ àwọn ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú wà lọ́rùn ẹni tí wọ́n bímọ fún, Ó sì ní a kì í di ẹrù lé ẹnikẹ́ni ju agbára rẹ̀ lọ. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ nínú hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá pé ó ti tó ènìyàn ní ẹ̀ṣẹ̀ kí ó pa àwọn tó ń bọ́ tì. Ṣùgbọ́n títí di ìgbà wo? Níbí ni àwọn onímọ̀ ti yà síra, ilé ẹ̀kọ́ òfin ẹ̀sìn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èrò tirẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó tẹ̀lé Ìmáàmù Malik, bí ọmọkùnrin bá ti bàlágà, tí ara rẹ̀ le, tó sì lè ṣiṣẹ́ jẹun, ìtọ́jú rẹ̀ ti kúrò lọ́rùn bàbá. Ti ọmọbìnrin ló ń bá a lọ títí yóò fi wọlé ọkọ. Àwọn onímọ̀ Hanbali ní ọmọ tí kò ní owó lọ́wọ́, bó ti wù kó dàgbà tó, ẹrù rẹ̀ ṣì wà lórí bàbá tó bá lágbára. Nínú àwọn onímọ̀ Hanafi, àwọn kan dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́ gan-an: wọ́n ní ọmọ tó dàgbà, tó ń wá ìmọ̀, tí ẹ̀kọ́ kò jẹ́ kó ráyè wá owó, ìtọ́jú rẹ̀ kò tíì bọ́ lọ́rùn bàbá.

Èrò tèmi ni pé ọmọ tó ń jókòó sí kíláàsì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí kò sì ní owó mìíràn, kí bàbá tó lágbára má yọ ọwọ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ gbà á láyè pé kó lọ, ẹ sì sọ fún un pé ẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Àdéhùn nìyẹn. Ọlọ́hun sì sọ nínú Sūratul-Isrā', āyah 34, pé kí a mú àdéhùn ṣẹ, nítorí pé a ó bi wá léèrè nípa rẹ̀. Láti dá ìnáwó dúró láàárín ọ̀nà nítorí ìbínú ọjọ́ kan, ìpalára ni, Ànábì sì ti ní kò sí ìpalára, kò sì sí fífi ìpalára san ìpalára.

Ẹ̀wẹ̀, kí ìyá rẹ̀ má gbàgbé Sūratut-Talāq, āyah 7: kí ẹni tó ní ọrọ̀ ná nínú ọrọ̀ rẹ̀, kí ẹni tí a díwọ̀n arísìkí rẹ̀ fún náà ná nínú ohun tí Ọlọ́hun fún un. Ọ̀ranyàn yín kò ju ohun tó tó ọmọ lọ, bí agbára yín bá ṣe mọ. Yàrá tó bójú mu wọ ibẹ̀. Yàrá tó wọ́n jù lọ ládùúgbò ilé-ìwé kò wọ ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò lè ṣe láìsí wọ ibẹ̀. Èyí tó fẹ́ torí pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní irú rẹ̀ kò wọ ibẹ̀. Kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ti bàbá débi kí ó lọ yá owó elélé kí ọmọ lè lọ sí ilé-ìwé tó ga ju apá lọ. Ọ̀rọ̀ ribà, ìyẹn èlé, le púpọ̀. Nínú Sūratul-Baqarah, āyah 278 àti 279, ogun láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni a fi kìlọ̀ fún ẹni tí kò bá jáwọ́ nínú rẹ̀. Ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní èlé kò léèwọ̀. Èyí tó ní èlé, kí ẹ má fọwọ́ sí i títí ẹ ó fi gbé ìwé rẹ̀ tọ onímọ̀ kan tó lè kà á pẹ̀lú yín.

Ó wá ku owó iṣẹ́ ọmọ. Ọ̀pọ̀ bàbá ló máa ń gbé hádíìsì Jabir tí Ibn Majah gbà wá jáde níbi yìí, pé ọkùnrin kan wá sọ fún Ànábì pé bàbá òun fẹ́ gba owó òun tán, Ànábì sì ní, "Ìwọ àti owó rẹ, ti bàbá rẹ ni." Hádíìsì náà dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn onímọ̀ kò gbà pé ó sọ bàbá di olówó owó ọmọ. Ẹ wo ìpín ogún nínú Sūratun-Nisā', āyah 11: bí ènìyàn bá kú tó fi ọmọ sílẹ̀, ìdá kan nínú ìdá mẹ́fà ni ti bàbá rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ti bàbá ni gbogbo owó ọmọ, kí ni à bá tún máa pín in sí? Ohun tí wọ́n rí nínú hádíìsì náà ni pé bàbá tí àìní bá mú lè jẹ nínú owó ọmọ níwọ̀n àìní rẹ̀, láìní pa ọmọ lára. Nítorí náà òótọ́ lọmọ yín sọ. Owó rẹ̀ ni.

Síbẹ̀, òótọ́ tó sọ yẹn kò já owó yàrá lé yín lórí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì fara balẹ̀ gbọ́ nìyí. Àìní ọmọ ló sọ ìtọ́jú rẹ̀ di ọ̀ranyàn. Ọmọ tó bá ní owó tirẹ̀, inú owó tirẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọ kékeré pàápàá, bó bá jogún, inú ogún rẹ̀ ni bàbá lè ti máa bọ́ ọ. Nígbà tí ẹ bá sọ pé, "Máa san owó yàrá, èmi á san ìyókù," ẹ kò gba owó rẹ̀. Apá ibi tí kò ti nílò yín mọ́ ni ẹ kàn kúrò. Bákan náà ni bó bá gba owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ láti ibì kan. Ànábì ní kò sí ẹni tó jẹ oúnjẹ kan tó dára ju èyí tó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ lọ, àti pé Ànábì Dawud ń jẹ nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bukhari ló gbà á wá. Kí ọmọ yín má rí i bí ìyà.

Ẹ kàn ṣọ́ ìwọ̀n rẹ̀. Bí owó yàrá bá tóbi débi pé ó ní láti fi wákàtí kún iṣẹ́, tí oorun fi ń gbé e lọ nínú kíláàsì, ohun tí ẹ torí rẹ̀ rán an lọ ni ẹ ń bàjẹ́ yẹn. Ẹ bi í ní iye tó ń gbà àti wákàtí tó ń lò níbẹ̀. Bóyá owó oúnjẹ nìkan ni apá rẹ̀ ká.

Ní ti pé yóò san gbogbo rẹ̀ padà, rárá o. Ohun tó jẹ́ ọ̀ranyàn lọ́rùn yín kò lè di gbèsè lọ́rùn ọmọ. Èyí tí ẹ fi ṣe ẹ̀bùn, tó sì ti ná tán, ìbínú kò lè yí i padà di àwìn. Lóòótọ́, Ànábì yọ bàbá sọ́tọ̀ nínú àwọn tí kò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀bùn padà, ṣùgbọ́n ohun tó ṣì wà nílẹ̀ ni à ń gba padà, oúnjẹ tí a ti jẹ kò sí nílẹ̀ mọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ nígbà kan, ìwé ìṣirò ọdún márùn-ún wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ kọ láìsọ fún un, tó wá gbé fún un lóṣù tó gba owó oṣù àkọ́kọ́. Owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, ọṣẹ ìfọṣọ wà níbẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Kì í ṣe owó náà ló dùn ún; ó ní gbogbo ìgbà tí òun ń ṣe àdúà fún bàbá òun lórí oore yẹn, bàbá ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ohun kan bá wà tó kọjá ọ̀ranyàn, tí ẹ sì fẹ́ yá a, bí irinṣẹ́ kan tó wọ́n tàbí ẹ̀kọ́ àfikún, ẹ sọ ọ́ kí owó tó jáde. Kó mọ̀ pé àyálò ni, kó gbà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí Ọlọ́hun ṣe pa á láṣẹ nínú Sūratul-Baqarah, āyah 282, pẹ̀lú ìgbà tí yóò san án. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní kíkọ gbèsè láàárín bàbá àti ọmọ kò dùn ún gbọ́. Āyah náà kò yọ bàbá àti ọmọ sílẹ̀.

Owó tó bù lé owó ìwé ló wúwo jù fún mi nínú gbogbo èyí. Àmánà ni owó náà. Iye kan ni ẹ rò pé ẹ ń san, fún ohun kan. Ó parọ́ fún yín kí owó náà tó jáde, ìyẹn sì ni jíjẹ owó ara ẹni lọ́nà èrú tí Ọlọ́hun kọ̀ nínú Sūratun-Nisā', āyah 29. Mo ti gbọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi hádíìsì Hind bint Utbah gbe ara rẹ̀, pé nígbà tó sọ fún Ànábì pé ahun ni Abu Sufyan ọkọ òun, Ànábì ní kó mú ohun tó tó òun àti ọmọ rẹ̀ ní ọ̀nà tó dára. Hind kò purọ́ iye kan fún ọkọ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ tí wọ́n dù ú ló mú, kò kọjá ohun tó tó o, ó sì kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ní àṣẹ láti dáhùn. Ọmọ yín kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kó tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, kó sì dá owó náà padà díẹ̀díẹ̀ láti inú owó iṣẹ́ rẹ̀, àfi bí ẹ bá yọ̀ǹda rẹ̀ fún un. Àmọ́ kí ẹ tó jókòó dájọ́ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ohun tó fi ṣe. Mo ti rí ọmọ tó fi sí fàájì. Mo tún ti rí ọmọ tí owó oúnjẹ rẹ̀ ń tán lọ́sẹ̀ kẹta oṣù, tí ìtìjú kò jẹ́ kó sọ fún bàbá rẹ̀. Ìdájọ́ irọ́ kò yàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ti ẹnì kejì yìí, bàbá náà ní ohun tó yẹ kó tún ṣe.

Ní ti àwọn àbúrò rẹ̀, hádíìsì Nu'man ibn Bashir ni kí ẹ dì mú: bàbá rẹ̀ fún un lẹ́bùn, Ànábì bi í bóyá ó fún gbogbo ọmọ rẹ̀ ní irú rẹ̀, ó ní rárá, Ànábì sì ní kí ẹ bẹ̀rù Ọlọ́hun, kí ẹ ṣe déédéé láàárín àwọn ọmọ yín. Ẹ̀bùn nìyẹn. Ìtọ́jú, àìní ni à ń wò. Ọmọ ìka kò dọ́gba: ẹ̀kọ́ ẹnì kan lè jẹ́ ọdún mẹ́fà, ti èkejì ọdún mẹ́ta, ẹ kò jẹ ẹni ọdún mẹ́ta ní àṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ra ọkọ̀ fún àkọ́bí kó máa fi ṣe fújà, ẹ ti jẹ àwọn tó kù nìyẹn. Ọmọbìnrin náà sì wà nínú ìṣirò yìí o.

Ìyá wọn kò ní ẹrù kan lórí níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá lágbára. Owó rẹ̀, tirẹ̀ ni. Bó bá fẹ́ dá sí i, ẹ̀san wà níbẹ̀: Umm Salamah, ìyàwó Ànábì, bi Ànábì bóyá òun á rí ẹ̀san lórí ìnáwó tí òun ń ná lórí àwọn ọmọ Abu Salamah, ọkọ rẹ̀ àtijọ́ tó ti kú, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ òun náà ni wọ́n, Ànábì sì ní kó ná an, ẹ̀san ohun tó ná wà fún un.

Kí sáà tó ń bọ̀ tó wọlé, ẹ jókòó pẹ̀lú òun àti ìyá rẹ̀, ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ ìnáwó kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ni í, àti orúkọ tó ń jẹ́. Owó ilé-ìwé, kí ẹ máa san án tààrà sí ilé-ìwé fún ìgbà díẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún un níṣojú ìyá rẹ̀ pé gbèsè tí ẹ sọ lọ́jọ́ ìbínú yẹn, kò sí i mọ́. Ọlọ́hun ló mọ̀ jù lọ.