Èsì: Ìdí tí ẹgbẹ́ ìdíje ìbéèrè yín fi ń já bọ́ ní ìpele kejì

Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa ní Kétu. Ẹ ní àwọn ọmọ yín mọ ìwé, síbẹ̀ ọdún mẹ́ta léraléra ni wọ́n ń já bọ́ ní ìpele kejì. Ẹ kọ́kọ́ tú àkọsílẹ̀ yín wò: gbogbo ìbéèrè tí wọ́n pàdánù, ta ló tẹ agogo, ṣé kò mọ̀ ọ́n ni àbí ó kánjú? Ìkánjú ni mo fura sí jù. Bí wọ́n bá gbọ́ “Lọ́dún wo ni Bẹ̀nẹ̀…”, wọ́n á ti ké 1960, ọdún òmìnira, nígbà tí ìbéèrè ń lọ síbi ọdún tí Dahomey di Bẹ̀nẹ̀, 1975. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà ní pàkúté tirẹ̀: àjọ UNESCO kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà pàtàkì ní 2001, ó wọnú àkójọ ogún àṣà wọn ní 2008.

Nínú quiz bowl, ìdíje ìbéèrè alágogo ti Amẹ́ríkà, ìdáhùn tó tọ̀nà máa ń mú máàkì 10 wá. Ẹni tó bá já ìbéèrè lẹ́nu tó sì ṣì í sábà máa ń pàdánù 5. Ẹ bi àwọn olùṣètò tiyín bóyá wọ́n ń yọ máàkì. Bí wọ́n bá ń yọ ọ́, ẹ máa ka ogún ìbéèrè sókè lójoojúmọ́, kí ẹni tó tẹ agogo sọ ọ̀rọ̀ tó mú un dá a lójú kó tó dáhùn.