Ọmọ Brigade tó fẹ́ lọ fọn trumpet fún báńdì highlife

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ ní báńdì highlife kan ní Mókọ́lá n'Íbàdàn fẹ́ gba ọmọ yín tó ń fọn trumpet ní báńdì Brigade ti ṣọ́ọ̀ṣì, pé ṣé kò kàn ní gbé fèrè ẹ̀ kó máa lọ ni. Kó lọ o, àmọ́ iṣẹ́ tó máa bá níbẹ̀ kì í ṣe èyí tó mọ̀.

Brigade lèmi náà ti bẹ̀rẹ̀. Bíi kwáyà la ṣe ń pín in, trumpet á mú soprano àti alto, trombone á mú tenor, tuba á gbé bass, a jọ ń bẹ̀rẹ̀ ni a jọ ń parí, ìta gbangba la sì wà, tá a bá ti Bẹẹrẹ gun òkè Mápó báyìí, ariwo mọ́tò àti tọjà, ẹni tí ò bá fọn ọ́n sókè dáadáa ta ló fẹ́ gbọ́ ọ?

Nínú highlife, trumpet á kọ́kọ́ gbé ohùn orin jáde, lẹ́yìn náà á dákẹ́ fún olórin, ìgbà tí olórin bá mí ló máa fi gbólóhùn kúkúrú kan dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kó lọ gbọ́ orin Victor Ọláìyá, olórin highlife tó ń fọn trumpet, dáadáa. Mo mọ ọmọ kan tó mọ̀ ọ́n fọn ju gbogbo wa lọ, ó ń fọn lé olórin lórí ṣáá, wọn ò pè é mọ́.

Kíì, ìyẹn ohùn tí orin dúró lé, ló máa yọ ọ́ lẹ́nu jù. Ní Brigade wọ́n ti kọ nóòtì kálukú sílẹ̀ fún un, níbí onígìtá kàn máa pariwo “F!” ni, F tí onígìtá pè yẹn sì rèé, G ni lórí trumpet B-flat, torí trumpet yìí máa ń dún wálẹ̀ díẹ̀ sí nóòtì tí wọ́n bá kọ fún un. Tó bá wá pe E tí àwọn onígìtá fẹ́ràn, F-sharp nìyẹn, ìka á lọ́ pọ̀ mọ́ fáàfù, àwọn bọ́tìnnì tá a ń tẹ̀ lórí trumpet. Kó yáa máa fi F-sharp ṣe scale láti òní lọ.

Orchestra tiẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, kíka ìdákẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, nínú symphony (orin gígùn tí orchestra ń lù) kẹsàn-án tí Dvořák kọ, apá kejì nìkan ni tuba ti ń fọn, ìyókù ó kàn jókòó ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé saxophone wà lára àwa tá à ń fọn brass (trumpet, trombone, tuba) o, rídì ló ń dún lẹ́nu tiẹ̀, ètè ló ń dún ní tiwa.

Tí oòrùn bá mú lábẹ́ kánópì, trumpet á gbóná, ohùn ẹ̀ á gòkè, kíbọ́ọ̀dù ò sì ní bá a gòkè, kó fa slide, páìpù kékeré tó ṣeé fà lára trumpet, jáde díẹ̀ kí ohùn lè wálẹ̀. Kó ní kí wọ́n fi orin àti kíì ránṣẹ́ sóun lórí WhatsApp kó tó lọ rìhásà. Owó mọ́tò rìhásà, ọwọ́ yín ló máa ti jáde o mà.