Owó Iṣu Ìyàwó Mi Ló Bá Káàdì Lọ

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Ìkéré-Èkìtì ni mí, ẹni ọdún 34, olùkọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì. Ó ti di oṣù 14 tí mo ti ń lọ sí Adó ní Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù. Àwa 30 la máa ń díje nínú eré káàdì tí wọ́n ń pè ní pókà ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀. Owó ìwọlé jẹ́ ₦10,000, wọ́n sì ń pín ₦240,000 fún ẹni mẹ́ta tó bá ṣíwájú: ₦120,000, ₦75,000 àti ₦45,000. Ní oṣù kejì mi ni mo gbé ipò kìíní. Mo fi púpọ̀ nínú owó náà ṣe fàájì fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, mo sì fi ìyókù ra fóònù. Ní oṣù karùn-ún mo gbé ipò kẹta. Láti ìgbà náà, òfo. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo tiẹ̀ ti sanwó ìwọlé lẹ́ẹ̀kejì lóru kan náà lẹ́yìn tí wọ́n ti já mi. Síbẹ̀, ìwọlé 14 jẹ́ ₦140,000, mo ti jẹ ₦165,000, mo ṣì wà lókè. Ọkọ̀ àti oúnjẹ kò ju ₦3,000 lọ lẹ́ẹ̀kan.*

*Ní oṣù tó kọjá, éèsì méjì wà lọ́wọ́ mi, kíǹgì méjì wà lọ́wọ́ ẹnì kejì. A kó gbogbo ohun tó wà níwájú wa sílẹ̀, kíǹgì kẹta sì já lulẹ̀, kíǹgì mẹ́ta sì borí éèsì méjì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ayé ló ń ṣe mí, kí n lọ wẹ orí. Àǹtí, ₦70,000 àjọ tí ìyàwó mi kó láti fi ra iṣu tà wà ní báńkì mi, mo ti ná an síbẹ̀. Mo ní mo fi yá olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ni. Ìyàwó mi mọ̀ pé mo ń ta káàdì, tẹ́tẹ́ ló ń pè é, èmi ń sọ fún un pé ọgbọ́n orí ni. Bí mo bá tún gbé ipò kìíní lẹ́ẹ̀kan sí i, mo máa dá owó rẹ̀ padà, kò sì ní mọ̀. Chris Moneymaker náà, akáúntáǹtì ni, dọ́là 86 ló fi bẹ̀rẹ̀. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni, àbí kí n ní sùúrù títí orí mi á fi gbè mí?*

Àbúrò mi, o kú ìrònú. Ìbéèrè méjì ló wà nínú lẹ́tà rẹ, ọ̀kan péré lo béèrè. Èkejì, o gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá: kí lo fẹ́ ṣe sí owó iṣu? Ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, torí pé pókà lè dúró, ọjà iṣu kì í dúró de ẹnikẹ́ni. O mọ bó ṣe máa ń rí ní Ìkéré nígbà tí iṣu tuntun bá wọlé. Oníṣu tí kò bá rówó kó tirẹ̀ ní àsìkò yẹn, ọwọ́ ẹlòmíì ló ti máa rà á ní ọ̀wọ́n, àwọn oníbàárà rẹ̀ á sì ti yà sí ìsọ̀ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. ₦70,000 tí o mú, èrè tó yẹ kó pa ti bá a lọ.

Sọ fún un lónìí. Má dúró de Sátidé. Nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, jókòó tì í kí o sọ pé: "Mi ò yá ẹnikẹ́ni lówó. Èmi ni mo ná an, ìdí káàdì ni mo ná an sí, mo sì purọ́ fún ẹ." Kí o wá dákẹ́. Má fi "ṣùgbọ́n" kankan tì í. Má ṣe ròyìn éèsì méjì àti kíǹgì mẹ́ta fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò ní wúlò fún un. Ó máa bínú, ó lè sunkún, ó lè pe ìyá rẹ. Jẹ́ kó ṣe é tó bó ṣe fẹ́. Ronú sí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ náà pẹ̀lú. O ti gbé gbèsè tí kò jẹ lé ọmọlọ́mọ lórí. Bí ìyàwó rẹ bá pàdé rẹ̀ níbi òkú tàbí ìkómọ, tó sì béèrè owó rẹ̀ níwájú ènìyàn, kí lo fẹ́ kí ọkùnrin yẹn wí?

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ kíkankíkan báyìí. Bàbá mi ta púùlù. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀: ìwé pélébé tí wọ́n to orúkọ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú òyìnbó sí, tí àwọn bàbá wa ní Adó á máa tẹjú mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀, tí wọ́n á máa wá àwọn tó máa gbá ọ̀mì lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá mi kò dé ìlú òyìnbó rí, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ náà ju orúkọ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Lọ́dún kan ó jẹ. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́. Wọ́n pa ewúrẹ́, àwọn tí mi ò rí rí wá jẹ iyán nílé wa, wọ́n ń fi orúkọ oríṣiríṣi kì í. Àwọn ọ̀sẹ̀ tí kò jẹ pọ̀ ju ìyẹn lọ fíìfíì, ìyá mi nìkan ló sì mọ̀ wọ́n. Inú ìkòkò ọbẹ̀ ló ti ń rí wọn.

Ìkòkò yẹn ni mo rántí nígbà tí mo kà á pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lo fi owó ipò kìíní ṣe lálejò. Owó tí o jẹ kò délé. Èyí tí o pàdánù, ilé ló ti jáde. Ìyàwó rẹ kò mọ adùn oṣù kejì rí, ìkorò rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbé fún un. Ó ní ẹ̀tọ́ láti pè é ní tẹ́tẹ́.

O ní o ṣì wà lókè. Olùkọ́ ìṣirò ni ọ́, jẹ́ ká jọ ṣe é. O ka ìwọlé 14, o fo ẹ̀ẹ̀marùn-ún tí o san lẹ́ẹ̀kejì. Ó di 19, ₦190,000 nìyẹn. Ọkọ̀ àti oúnjẹ ìgbà 14 jẹ́ ₦42,000. ₦232,000 ló jáde, ₦165,000 ló wọlé. ₦67,000 lo ti pàdánù. Wo bó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ bá owó iṣu dọ́gba. Mi ò rò pé o mọ̀ọ́mọ̀ tàn mí jẹ. Bàbá mi náà kì í ka owó ọkọ̀.

Tún wo èyí. Ẹni 30 tó san ₦10,000 mú ₦300,000 wá, ₦240,000 ni wọ́n ń pín. ₦60,000 ti kúrò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan káàdì, mi ò sì tíì ka ti àwọn tó ń sanwó lẹ́ẹ̀kejì. Olè kọ́, ẹni tó ni gbọ̀ngàn á gbowó, jẹnẹrétọ̀ á mu epo, àwọn tó ń pín káàdì á jẹun. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin 30 bá mọ pókà ta dọ́gba, bí oṣù bá ti ń gorí oṣù, ₦8,000 ni yóò máa padà sọ́wọ́ ẹni tó mú ₦10,000 wá. O gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ju àwọn tó kù lọ dáadáa kí o tó lè bọ́ nínú gbèsè lásán, ká má tíì sọ èrè.

Ní ti orí rẹ, fọkàn balẹ̀. Ẹni 30 tó bá dọ́gba, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn á máa wọ ipò mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ìdíje mẹ́wàá. Nínú 14, ẹ̀ẹ̀kan àti díẹ̀ ni. Ìwọ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sórí àga yẹn. Kò sẹ́ni tó gbé orí rẹ ga ní oṣù kejì, kò sì sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn oṣù karùn-ún. Bóyá o mọ pókà ta gan-an, bóyá o kò mọ̀ ọ́n, ìdíje 14 ti kéré jù láti fi mọ̀. Ọgbọ́n orí wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, mi ò ní bá ọ jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdíje ló ń gbà kí ọgbọ́n tó hàn. Ní alẹ́ kan ṣoṣo, bí káàdì bá ṣe bọ́ ló ń ṣẹ́gun.

Éèsì méjì rẹ ńkọ́? Bí éèsì méjì bá pàdé kíǹgì méjì lẹ́ẹ̀marùn-ún, éèsì á borí ní bí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún lo bá pàdé. Ìwọ fúnra rẹ lè ṣírò rẹ̀ sójú pátákó: nínú káàdì 52, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 221 tí wọ́n bá pín ni éèsì méjì ń wá sọ́wọ́ ènìyàn. Bí wọ́n bá pín káàdì fún ọ nígbà 150 lálẹ́ kan, bí ìdajì irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ lo máa lò láì rí i rárá. Nítorí náà, nígbà tó dé, o fi gbogbo owó eré rẹ tì í lẹ́yìn. O ṣe ohun tó tọ́, o sì pàdánù. Mo mọ̀ pé ó dùn ọ́ wọra. Kò sí ayé kankan nínú rẹ̀. Bí o bá gbà pé ayé ló ń ṣe ọ́, kò ní pẹ́ tí wàá fi máa wo ojú ará ilé rẹ pẹ̀lú ìfura, owó tí wọ́n bá sì gbà láti wẹ orí rẹ, owó ìwọlé míì ni.

Ohun tó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù ni ẹ̀ẹ̀marùn-ún tí o sanwó lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn tó ń ta pókà pàápàá ní orúkọ fún un, wọ́n ń pè é ní tilt: kí káàdì kan ta ènìyàn lára, kí inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i, kó wá máa fi ìbínú ta. Báyìí, o tún fẹ́ gbé owó iṣu jókòó sórí tábìlì. Ọwọ́ ẹni tó gbọ́dọ̀ jẹ kí ìyàwó rẹ̀ má bàa mọ̀ kò lè balẹ̀. Káàdì tó yẹ kó jù sílẹ̀, á di í mú.

Moneymaker? Òótọ́ ni. Ní 2003, dọ́là 86 tó san lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló gbé e dé ìdíje tí owó ìwọlé rẹ̀ jẹ́ dọ́là 10,000 ní Las Vegas, ó sì jẹ mílíọ̀nù 2.5 dọ́là. Ẹni 839 ló bá ìdíje náà wọlé. Nínú àwọn 838 yòókù, mélòó lo lè dárúkọ fún mi?

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. ₦10,000 tí o máa ń gbé lọ sí Adó, gbé e fún ìyàwó rẹ ní ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé, oṣù méje gbáko. Ọkọ̀ àti oúnjẹ, ₦3,000, fi kún un, ₦21,000 nìyẹn máa jẹ́ lórí ₦70,000, fún èrè iṣu tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ bá lè yá ọ ní owó náà lẹ́ẹ̀kan náà kí iṣu tó wọ́n, gbà á, kí o sì máa san án fún wọn. Láàárín oṣù méje yẹn, má lọ sí Adó ní Sátidé ìparí oṣù, kódà láti lọ wòran. Lẹ́yìn náà, ìyàwó rẹ ni kí o bi bóyá kí o padà. Bó bá ní rárá, ó parí. Bó bá ní kí o lọ, ìwọlé kan ṣoṣo, kí o máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tí òun náà lè ṣí, títí dórí owó ọkọ̀. Bí o bá sì jẹ, ilé ni kí owó kọ́kọ́ dé kí ọ̀rẹ́ tó gbọ́.

Bí o bá gbìyànjú tí o kò lè jókòó sílé ní Sátidé yẹn, tí ara rẹ ń gbọ̀n, tí o tún ń wá owó kiri, má ṣe rò pé ìwà lásán ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka irú tẹ́tẹ́ tó bá di ẹni mú bẹ́ẹ̀ mọ́ àìsàn, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú àìsàn ọkàn àti ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn EKSUTH ní Adó. Lọ rí dókítà. Bàbá mi kò rí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, bó bá gbà fún ọ, bá ìyàwó rẹ lọ sọ́jà kí o bá a gbé iṣu. Kọ̀wé sí mi lẹ́yìn tí o bá ti sọ fún un. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí òun náà wí.