Òkúta Ń Ba Ọkọ̀ Kékeré Tí À Ń Fà Jẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ìyàwó mi máa ń rìnrìn àjò nínú ọkọ̀ ńlá tí a ń gbé bí ilé, a sì máa ń fi irin fa ọkọ̀ kékeré wa tẹ̀ lé e, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí a dé láti ìrìn àjò kẹta, bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kékeré ti kún fún àpá, iná iwájú kan ti sán, òkúta sì ti ṣá gíláàsì iwájú lójú kan. Ẹnì kan ní ká so rọ́bà gbọọrọ mọ́ ìdí ọkọ̀ ńlá, ẹlòmíràn ní ká fi aṣọ bo ọkọ̀ kékeré. Èwo ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni tèmi àkọ́kọ́ ṣe bàjẹ́, ó sì dùn mí púpọ̀. Nínú méjèèjì tí wọ́n dárúkọ fún yín, kò sí èyí tí màá kọ́kọ́ náwó lé. Asà tí wọ́n ń dè mọ́ irin ìfàkọ̀ gan-an, tó dúró níwájú imú ọkọ̀ kékeré, ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òkúta ló ń sáré wá lu ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òkúta tí táyà ṣẹ̀ṣẹ̀ ta kúrò nílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní eré; òkè ló ń lọ. Ọkọ̀ kékeré yín ló ń bọ̀ lẹ́yìn tó fi eré kìlómítà 100 ní wákàtí kan kọlù ú. Ìdí nìyẹn tí òkúta tí kò ju ẹ̀wà lọ fi lè sán iná, òun náà ló sì mú kí asà tó sún mọ́ ọkọ̀ kékeré wúlò ju ohun tó jìnnà sí i lọ.

Rọ́bà ìdí ọkọ̀ ńlá wúlò, ṣùgbọ́n òkúta máa ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, afẹ́fẹ́ sì máa ń gbé e sókè tí eré bá pọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì yín bá wà lẹ́yìn, tí rédíétọ̀ náà sì wà níbẹ̀, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Nígbà tí mo so tèmi láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, gbogbo òkè tí mo bá ń gùn ni ẹ́ńjìnnì ń gbóná. Àárín rọ́bà náà ni mo gé kúrò, mo fi ti ẹ̀yìn táyà sílẹ̀, ooru náà sì rọlẹ̀.

Ní ti aṣọ, èmi kò fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti dè é mọ́ ọkọ̀ tí eruku wà lára rẹ̀ rí. Odindi ọjọ́ kan ni afẹ́fẹ́ fi ń gbọn aṣọ náà. Nígbà tí mo ṣí i nírọ̀lẹ́, péǹtì ti ṣá bí ẹni pé wọ́n fi iyanrìn fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ṣáà fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ ọkọ̀ mọ́ tónítóní, kó sì dè é le pinpin. Èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn ju aṣọ lọ ni ọ̀rá tó mọ́ gaara tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ péǹtì. Kò nípọn ju nǹkan bí 0.2 mìlímítà lọ, síbẹ̀ ó ń gba ìyà òkúta wẹẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ̀ bá yín lẹ̀ ẹ́ sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, bọ́ńpà àti iná.

Tí ẹ bá ti de asà náà, ẹ lọ sí pápá gbalasa kí ẹ rọra yí kọ́nà tó há jù, lọ́tùn-ún àti lósì, kí ìyàwó yín dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan máa wò ó bóyá ó ń kan ibì kankan. Ẹ má fi rìn sẹ́yìn o. Irin ìfàkọ̀ lè tẹ̀. Bó bá jẹ́ asà aláṣọ lẹ rà, kó jìnnà sí ẹnu sàlẹ́ńsà, kó má baà yọ́.

Títì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da òkúta wẹẹrẹ sí ló burú jù. Ẹ dín eré kù níbẹ̀ gan-an, kí àwọn tó wà lẹ́yìn máa fun fèrè bó bá wù wọ́n.

Gíláàsì yẹn kò gbọdọ̀ dúró di ìrìn àjò tó ń bọ̀. Ẹ fi sẹ́lótéèpù tó mọ́ bo ojú ibi tó ṣá lónìí, kí omi àti ìdọ̀tí má baà wọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbé e lọ fún ẹni tó ń tún gíláàsì ṣe kó tó là dé etí.