Ẹ fi lítà kà á, ẹ má fi náírà kà á: Ìbéèrè yín lórí ìjábọ̀ àyíká iléeṣẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ló pọ̀ jù nínú lẹ́tà oṣù yìí: ìwé tí iléeṣẹ́ ń gbé jáde láti sọ ohun tí iṣẹ́ wọn ń ṣe sí afẹ́fẹ́, omi àti ilẹ̀. Àwọn kan nínú yín ni wọ́n ní kó wá kọ ọ́, àwọn mìíràn ni wọ́n kọ ọ́ fún. A mú mẹ́fà dáhùn.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Akọ̀wé owó ni mí ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe ike ní Àgbárá. Oníbàárà wa tó tóbi jù ní kí á fi iye kábọ́ọ̀nù tí à ń tú sáfẹ́fẹ́ lọ́dún kan ránṣẹ́. Ọ̀gá ní kí n ṣe é. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Inú fáìlì rìsíìtì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìlànà tí oníbàárà yín ní lọ́kàn, bí kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀, kò ní ju GHG Protocol lọ, ìlànà àgbáyé fún kíka gáàsì tó ń mú ayé gbóná, èyí tí àjọ World Resources Institute (WRI) àti ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní WBCSD kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 2001, tí wọ́n sì tún ṣe lọ́dún 2004. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín in sí. Scope 1 ni ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń jó tàbí tó ń jò lọ́wọ́ yín: dísù jẹnẹrétọ̀, epo ọkọ̀, gáàsì ẹ̀rọ amúlétutù. Scope 2 ni iná mọ̀nàmọ́ná tí ẹ rà. Scope 3 ni ti àwọn ẹlòmíràn nítorí yín, láti orí ẹni tó ń ta ohun èlò fún yín títí dé ibi tí wọ́n bá da ike yín nù sí. Ẹ̀ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni òun nìkan ní.

Kí ẹ tó ka ohunkóhun, ẹ kọ ààlà yín sílẹ̀. Ta ló ń darí jẹnẹrétọ̀ náà? Bí ẹ̀yin lẹ ń ra dísù, tí ẹ ń tàn án, tí ẹ ń pa á, Scope 1 yín ni, ì báà jẹ́ pé ńṣe lẹ yá ẹ̀rọ náà. Bí ó bá jẹ́ pé onílé ló ń tàn án fún gbogbo ayálégbé, tó sì ń ta iná fún yín ní yúnìtì, Scope 2 ni. Ibi tí iléeṣẹ́ méjì ti máa ń ka dísù kan náà lẹ́ẹ̀mejì nìyí, tàbí kí ẹnikẹ́ni má kà á rárá.

Rìsíìtì tí ẹ fi ra dísù kọ́ ni iye tí ẹ jó. Ẹ mú ohun tó wà nínú táǹkì lọ́jọ́ kìíní oṣù, ẹ fi èyí tí ẹ rà kún un, ẹ yọ èyí tó ṣẹ́ kù níparí oṣù kúrò. Ká ní 1,200 lítà wà nílẹ̀, ẹ ra 9,000, 700 ló ṣẹ́ kù: 9,500 lítà lẹ lò. Lítà dísù kan ń tú nǹkan bíi kílò 2.68 kábọ́ọ̀nù dáyọ́síìdì jáde, nítorí náà kílò 25,460 ni, ìyẹn tọ́ọ̀nù 25.46. Epo bẹntiróòlù kò tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan bíi kílò 2.3 ni ti lítà kan.

Ẹ wá fi ìwé wákàtí jẹnẹrétọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Jẹnẹrétọ̀ 250 kVA tó gbé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ ń mu nǹkan bíi 40 lítà ní wákàtí kan. Bí ìwé bá ní wákàtí 160 ló fi ṣiṣẹ́, 6,400 lítà ló yẹ kó mu. Níbo ni 3,100 yòókù wọlé sí? Ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ akẹ́rù yín ń bu nínú táǹkì kan náà. Ìyẹn kò sọnù, Scope 1 náà ni, abẹ́ ọkọ̀ lẹ kàn máa kọ ọ́ sí. Ó sì lè jẹ́ pé ẹni tó gbé epo wá kò wọ̀n ọ́n pé, tàbí pé ẹnìkan ń gbé e lọ sílé. Ọ̀gá tí kò ka ìjábọ̀ àyíká kún tẹ́lẹ̀ á fà á mọ́ra bó bá dé orí ìlà yìí.

Ní ti iná mọ̀nàmọ́ná, yúnìtì ni kí ẹ kà, kì í ṣe owó. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó yúnìtì kan fún àwọn Band A gun láti nǹkan bíi náírà 68 dé 225. Ẹni tó bá fi náírà ṣírò á rò pé kábọ́ọ̀nù òun ti di ìlọ́po mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ mítà rẹ̀ kò yí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ kò bá ní mítà, tó jẹ́ bíìlì àfojúbù ni wọ́n ń mú wá fún yín, ẹ kọ ọ́ gbangba pé àfojúbù ni. Àṣìṣe mìíràn tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn lọ mú iye tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde fún iná tiwọn, nǹkan bíi kílò 0.207 fún yúnìtì kan lọ́dún 2023, kó fi ṣírò iná Nàìjíríà. Apá ńlá nínú iná tiwọn ló ti ara afẹ́fẹ́ àti núkílíà wá. Gáàsì ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú tiwa, omi Kainji, Jebba àti Shiroro ló tẹ̀ lé e. Iye tí wọ́n ṣírò fún Nàìjíríà ni kí ẹ wá, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti rí i àti ọdún rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Èyí tí gbogbo èèyàn máa ń gbàgbé ni gáàsì ẹ̀rọ amúlétutù. Bí ẹ bá fi kílò mẹ́ta R-410A, ọ̀kan lára irú gáàsì bẹ́ẹ̀, kún ẹ̀rọ, kílò mẹ́ta ló ti jò lọ nìyẹn. Nínú ìṣirò tó jáde gbẹ̀yìn láti ọ̀dọ̀ IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ìyípadà ojú ọjọ́, kílò kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná tó nǹkan bíi kílò 2,256 kábọ́ọ̀nù dáyọ́síìdì. Mẹ́ta jẹ́ tọ́ọ̀nù 6.77, ó ju 2,500 lítà dísù lọ. Rìsíìtì tí wọ́n kọ “gáàsì” sí lásán kò wúlò fún èyí. Ẹ ní kí ẹni tó ń tún un ṣe kọ irú gáàsì tó fi sí i, kó gbé sílíńdà lé ìwọ̀n kó tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá parí. Bó bá jẹ́ R-22 àtijọ́ ni, ìlà ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí, nítorí kò sí lára gáàsì méje tí GHG Protocol ní kí wọ́n rò pọ̀.

Nínú Scope 3, ohun èlò ike tí ẹ ń rà láti fi ṣiṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọjú sí, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ oníke máa ń wúwo sí jù. Ẹ kọ iye tọ́ọ̀nù tí ẹ rà, ẹ sì béèrè iye kábọ́ọ̀nù tọ́ọ̀nù kan lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín. Ojú ìwé kan tó fún oníbàárà yín: ọdún, ààlà, Scope 1, Scope 2, ibi tí ẹ ti mú iye tí ẹ fi ṣírò, àti ohun tí ẹ kò kà pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ni àwọn tó mọṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ wò.

Òṣìṣẹ́ ọgọ́ta ni àwa ní. Ṣé òfin mú wa, àbí ti àwọn iléeṣẹ́ ńlá ni?

Ó mú yín. Òfin Climate Change Act ti ọdún 2021 sọ pé iléeṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní ètò láti dín kábọ́ọ̀nù kù, kó sì yan ẹnìkan tí yóò máa fi ìjábọ̀ ránṣẹ́ lọ́dọọdún sí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà. Kò pọn dandan kó jẹ́ ẹni tuntun lẹ máa gbà sí iṣẹ́. Ẹni tó ń tọ́jú ìwé jẹnẹrétọ̀ lè ṣe é bí ẹ bá fún un ní àṣẹ láti gba ìwé lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀ka.

Ti FRC, àjọ tó ń mójú tó ìròyìn owó iléeṣẹ́, yàtọ̀ sí èyí. Ìlànà IFRS S1 àti S2, ìlànà àgbáyé tó ní kí iléeṣẹ́ sọ bí ọ̀rọ̀ àyíká àti ojú ọjọ́ ṣe kan owó wọn, tó jáde lóṣù kẹfà ọdún 2023, ni wọ́n tẹ́wọ́ gbà. Yóò di dandan fún báǹkì, àwọn tó wà lórí ọjà ìpín ìdókòwò àti irú wọn láti ọdún ìṣirò 2028. Ti àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké di 2030. Ọdún kìíní, wọn kò ní bi yín ní Scope 3. Àmọ́ S2 béèrè ohun tí ìlànà ìṣirò kábọ́ọ̀nù kò béèrè: bí omíyalé, ooru tàbí ọ̀wọ́n epo bá dé, báwo ni yóò ṣe kan owó yín? Akọ̀wé owó kò lè dá ìyẹn dáhùn. Ẹ pe àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ.

Iléeṣẹ́ wa gbin igi ẹgbẹ̀rún kan. Ṣé a lè yọ ọ́ kúrò nínú iye tí a tú jáde?

Rárá. Ẹ kọ iye tí ẹ tú jáde bó ṣe rí, kí ẹ kọ igi sí ojú ìwé mìíràn, pẹ̀lú iye tó ṣì wà láàyè. Igi tí màlúù ti jẹ kò gba kábọ́ọ̀nù kankan.

Kòkó ni mò ń rà lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní Òǹdó. Àwọn tó ń gbé e lọ sí Yúróòpù ní kí n mú nọ́ńbà ibi tí oko wà wá. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Òfin EU lórí pípa igbó run ni. Kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn 31 oṣù kejìlá ọdún 2020 wá kò ní wọ ọjà wọn. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń rà kò dúró dè é. Àwọn iléeṣẹ́ ṣokoléètì tún ń fi nọ́ńbà yín ṣe ìjábọ̀ Scope 3 tiwọn, nítorí kòkó yín ni “ohun tí a rà” lọ́dọ̀ wọn.

Oko tí kò bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, ojú kan lórí máàpù tó. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ rìn yí ààlà rẹ̀ ká. Nọ́ńbà GPS méjì ni ojú kọ̀ọ̀kan ní, ti àríwá àti ti ìlà oòrùn; lẹ́yìn àmì ìdá (pọ́íǹtì) nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, òǹkà mẹ́fà ó kéré tán ni wọ́n fẹ́. Fóònù yín á máa ṣìnà lábẹ́ igi kòkó tó ṣú. Ẹ jáde síbi tójú ọ̀run ti mọ́, ẹ dúró títí nọ́ńbà fi máa fìdí múlẹ̀. Ẹ má ṣe dúró sí ṣọ́ọ̀bù yín kí ẹ gba ti gbogbo àgbẹ̀ níbẹ̀: ogójì oko tó wà lójú kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà wọn á kọ́kọ́ kọ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún yíyí nọ́ńbà méjèèjì padà. Ìlú Òǹdó wà ní nǹkan bíi 7.1 ní àríwá àti 4.8 ní ìlà oòrùn. Bí ẹ bá gbé èkejì ṣíwájú, Port Harcourt ni oko yín bọ́ sí.

Igbó ọba ni wàhálà tó le jù, bí irú èyí tí wọ́n ń pè ní Olúwa ní ìpínlẹ̀ Òǹdó. Òfin náà tún ní kí kòkó bá òfin orílẹ̀-èdè tó ti wá mu, nítorí náà oko tó wà nínú igbó ọba lè má yege, bó tilẹ̀ ti wà níbẹ̀ ṣáájú 2020. Ẹ má ṣe da kòkó irú oko bẹ́ẹ̀ mọ́ ti àwọn yòókù. Àpò kan tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀ lè ba gbogbo ẹrù jẹ́.

Mo ní ìpín ìdókòwò ní báǹkì kan. Ìjábọ̀ àyíká wọn lẹ́wà, àwòrán ewéko ló kún inú rẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ ni?

Ẹ kọjá àwòrán. Ẹ lọ síbi tí àtẹ nọ́ńbà wà, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ àpapọ̀ tọ́ọ̀nù, àbí “fún òṣìṣẹ́ kan” nìkan. Báǹkì tó gba òṣìṣẹ́ púpọ̀ sí i lè ní “a dín in kù” nígbà tí àpapọ̀ ń gòkè. Ẹ wo ọdún tí wọ́n fi ń ṣe àfiwé. Bí wọ́n bá yí i padà, ó yẹ kí wọ́n sọ ìdí, kí wọ́n sì tún nọ́ńbà àtijọ́ ṣírò. Ẹni tó mú 2020, ọdún kòrónà tí ọ́fíìsì ti pa, kò lè fi hàn pé òun dín nǹkan kù. Ẹni tó bá mú ọdún tó burú jù ló ń gbọ́n féèyàn.

Dísù ẹ̀ka báǹkì àti ATM kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí owó tí wọ́n yá iléeṣẹ́ epo àti sìmẹ́ńtì ń tú jáde. Ẹ̀ka kẹẹ̀ẹ́dógún nínú Scope 3 nìyẹn, ìlànà PCAF, ẹgbẹ́ àwọn báǹkì àti ilé owó lágbàáyé, sì ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ béèrè ní ìpàdé ọdọọdún.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìwé ọ́dítọ̀. “Kò sí ohun tó fi hàn wá pé ó ṣìnà” jẹ́ ìdánilójú díẹ̀. “Ní èrò wa, ó tọ̀nà” ló lágbára. Ẹ sì ka nọ́ńbà tí wọ́n yẹ̀ wò gan-an. Nígbà mìíràn, méjì tàbí mẹ́ta péré ni nínú ọgbọ̀n.

Ìlàjẹ ni wá. Iléeṣẹ́ epo kan kọ sínú ìjábọ̀ rẹ̀ pé òun ti palẹ̀ gbogbo epo tó dà sódò mọ́. A kò rí i bẹ́ẹ̀. Kí la lè ṣe?

Ẹ kọ ọjọ́, orúkọ ibùdó àti nọ́ńbà GPS, kí ẹ ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí ìkànnì Oil Spill Monitor ti NOSDRA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó epo tó bá dà, ibi tí ọjọ́ tí epo dà, iye rẹ̀ ní àgbá àti ohun tó fà á wà fún gbogbo ènìyàn. Àgbá kan jẹ́ nǹkan bíi 159 lítà. Ẹ fi wé ìjábọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń kọ́kọ́ ya epo kan sọ́tọ̀ pé ọ̀bàyéjẹ́ ló dà á, kí wọ́n tó sọ iye “tiwọn”. Nítorí náà àpapọ̀ méjèèjì ni kí ẹ rò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ ni ìwé ìwádìí alájọṣe, JIV, tí iléeṣẹ́, ìjọba àti aṣojú ìlú jọ ń fọwọ́ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu bóyá páìpù ló jẹrà tàbí ẹnìkan ló gé e, èyí tó ń pinnu owó gbà-má-bínú. Aṣojú yín kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí ìwé tí iye epo tàbí ohun tó fà á bá ṣófo nínú rẹ̀. Bí kò bá gbà, kó kọ ìdí rẹ̀ síwájú ìbuwọ́lù rẹ̀, kó sì ya fọ́tò gbogbo ojú ewé.

Òfin NOSDRA ọdún 2006 ní kí iléeṣẹ́ fi tó àjọ náà létí láàárín wákàtí 24, pẹ̀lú ìtanràn 500,000 náírà lójúmọ́ bí wọn kò bá ṣe é. Bí ẹ bá fẹ́ ìwé tó fi hàn pé wọ́n palẹ̀ mọ́ lóòótọ́, ẹ kọ lẹ́tà sí NOSDRA lábẹ́ òfin Freedom of Information ti ọdún 2011. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn. Ẹ dárúkọ nọ́ńbà ìṣẹ̀lẹ̀ náà bó ṣe wà lórí ìkànnì, kí wọ́n má baà ní àwọn kò mọ èyí tí ẹ ń béèrè.